Ẹ sin ìrẹ̀ ná kẹ́ ẹ tó ra ọmọńlé fọ́mọ yín

Ẹ̀yin Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú bẹ́ ẹ ṣe ń ronú kan àwa tá a wà lókè òkun. Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí lè ya àwọn kan lẹ́nu, àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń jẹ mí lọ́kàn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́ jáde. Ọ̀rọ̀ ìrẹ̀ ni, ìrẹ̀ tá a máa ń wà nílẹ̀ nígbà tá a wà lọ́mọdé, tá a máa ń sun jẹ. Ọ̀rọ̀ aáyán náà wà ńbẹ̀.

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 11, ló ní òun fẹ́ sin ọmọńlé. Kì í ṣe èyí tó ń gun ògiri nílé wa o, èyí tí wọ́n ń pè ní African fat-tailed gecko ni. Ìrù ẹ̀ sanra torí ibẹ̀ ló ń kó ọ̀rá pa mọ́ sí, ó ní ìpéǹpéjú tó fi ń dijú, kò sì lè gun ògiri rárá. Ẹran ọ̀dọ̀ wa ni, láti Senegal títí dé Cameroon ló ń gbé, Nàìjíríà, Bẹ̀nẹ̀ àti Tógò náà wà ńbẹ̀. Ìgbà tí mo gbọ́ ìyẹn lọkàn mi rọ̀, mo ní ẹran ilé wa ni, ẹ jẹ́ ká rà á.

Ẹni tó tà á fún wa ò sọ nǹkan kan ju pé ìrẹ̀ ló ń jẹ, ká máa wá rà á lọ́dọ̀ òun. Bá a ṣe ń ra ìrẹ̀ nìyẹn, rọ́bà kan £3, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ìdajì ti kú, ìdajì tó kù ò lókun nínú, a ò mọ ọjọ́ tí wọ́n ti jẹun kẹ́yìn, a ṣáà ń dà á síwájú ẹran báyẹn. Ẹ̀yin èèyàn mi, bí ìrẹ̀ bá ń febi kú, ikùn òfìfo lẹ̀ ń fún ẹran yín jẹ. Oṣù keje ni ẹsẹ̀ ẹ̀ iwájú bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀, àgbọ̀n ẹ̀ rọ̀, kò lè gbá ìrẹ̀ mú mọ́. Dókítà ẹran ya àwòrán egungun ẹ̀, ó ní kálísíọ̀mù, èròjà tó ń mú egungun le, ò tó lára ẹ̀ mọ́, ara ẹ̀ ti ń yọ ọ́ látinú egungun ara ẹ̀. Ọmọ mi sunkún títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ohun tí mo wá mọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, tó yẹ kí n ti mọ̀ ṣáájú, ni pé èròjà kan tí wọ́n ń pè ní phosphorus tó wà lára ìrẹ̀ pọ̀ ju kálísíọ̀mù ẹ̀ lọ ní ìlọ́po ìlọ́po, bẹ́ẹ̀ kálísíọ̀mù ló yẹ kó pọ̀ jù nínú oúnjẹ ọmọńlé, bíi méjì sí ẹyọ kan. Torí náà ó gbọ́dọ̀ jẹ́ pé ẹ ti bọ́ ìrẹ̀ yẹn yó fún ọjọ́ kan sí méjì, kárọ́ọ̀tì, ewé kale, ọkà òòtì, kẹ́ ẹ tó wá fi ìyẹ̀fun kálísíọ̀mù tó ní fítámì D3 bò ó lára, ẹ kó o sínú ọ̀rá kẹ́ ẹ gbọ̀n ọ́n bí ìgbà téèyàn ń yí ẹja nínú fúláwà. Ewé spinach kì í ṣe é gbára lé o, ohun kan wà nínú ẹ̀ tó ń di kálísíọ̀mù mú. Ìrẹ̀ tí ọmọńlé ò bá sì tíì jẹ, ẹ kó o kúrò kẹ́ ẹ tó sùn torí ó lè bu ẹran jẹ lóru.

Mo wá rò ó pé èmi tí mo fọkọ́ wa ìrẹ̀ dàgbà ní Ìsẹ́yìn, kí ló dé tí mi ò lè sin ín? Mo ra ike ńlá kan, mo dá ihò sí ìdérí ẹ̀, nẹ́ẹ̀tì irin ni mo fi bò ó torí wọ́n máa ń jẹ ti rọ́bà ya. Mo to kiréètì ẹyin sínú ẹ̀ kí wọ́n lè rí ibi sá pa mọ́ sí, omi inú òwú ni mo ń fún wọn kí wọ́n má bàa rì. Abo ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ gígùn lẹ́yìn, ìyẹn ló fi ń yé ẹyin sínú iyẹ̀pẹ̀ tútù tí mo gbé kalẹ̀ nínú abọ́ kékeré. Ẹ gbé abọ́ yẹn lọ sínú ike mìíràn tó móoru tó dígíríì 30, nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá ẹ máa rí ọmọ ìrẹ̀ bí orí píìnì, wọ́n á ti dàgbà tán ní ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí wọn.

Ọ̀rinrin lọ̀tá wọn. Èyí tí mo kọ́kọ́ sin kú tán láàárín ọ̀sẹ̀ kan torí mo ń da omi jù. Fáyírọ́ọ̀sì kan tún wà tó ń pa irú ìrẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ẹran yìí, ó ti run oko ìrẹ̀ ńlá ńlá ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà. Ìdí tí mo fi ń sin aáyán Dubia mọ́ ọn nìyẹn, Gúúsù Amẹ́ríkà ló ti wá, kì í dún, kì í rùn bí ìrẹ̀, kò lè gun ike tó ń dán, ọmọ ló sì ń bí, kì í sọ ẹyin kalẹ̀, ogún sí ọgbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà. Ó máa ń pẹ́ dàgbà sha, oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà. Àwọn tó ń bẹ̀rù pé ó máa gba ilé, láìsí ooru kì í bímọ, òtútù London ò gbà á láyè.

Ẹnu ò sìn lára mi. Bàbá kan níjọ wa sọ pé a kì í ru ẹran erin lórí ká máa fẹsẹ̀ wa ìrẹ̀ nílẹ̀, pé kí ni mo wá ṣe nílùú òyìnbó. Mo bọ̀wọ̀ fún wọn, àmọ́ ẹran kékeré yẹn ò ní oúnjẹ mìíràn láyé ju kòkòrò lọ, kò lè jẹ ẹ̀fọ́, kò lè jẹ ìrẹsì, ọmọ mi ló sì gbà láti máa bọ́ ọ fún ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ohun tí mo fẹ́ káwọn òbí ṣe ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ ara wọn sin kòkòrò fún oṣù méjì, kí wọ́n rí i pé ó yé ẹyin, ó pa, ó dàgbà, kí wọ́n tó lọ ra ẹran, ì báà ṣe ọmọńlé, alágẹmọ tàbí ọ̀pọ̀lọ́. Ọmọ tí ò bá lè fún ìrẹ̀ lóúnjẹ lójoojúmọ́ fún oṣù méjì ò tíì tó ẹran sìn. Ẹ má sì ṣe kó aáyán ilé tàbí tata inú ọgbà fún wọn, ẹ ò mọ ẹni tó ti fín òògùn sí i. Mo sọ ìyẹn fún àwọn tó wà nílé náà, ẹ̀yin tí òtapíápíá wà láyìíká yín.

Ẹsẹ̀ ẹran wa ò ní nà mọ́, dókítà ti sọ bẹ́ẹ̀, àmọ́ àgbọ̀n ẹ̀ ti le padà, ó sì ti ń gbá aáyán mú fúnra ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá lè tẹ lẹ́tà yìí kí Kérésì tó dé, mo bẹ̀ yín, torí ìgbà yẹn ni wọ́n máa ń rà wọ́n jù.

Èmi ni tiyín,
Abiyamọ kan, Peckham, London