Kò sí àwọ̀ nínú yíìsì búrẹ́dì o

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o,

Ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ kọ lórí àwọ̀ tí wọ́n ń yọ látinú yíìsì dùn mọ́ mi, mo kà á sétí àwọn tá a jọ ń sin adìyẹ níbí ní Ṣábẹ̀, lórílẹ̀-èdè Benin, àfi bí àwọn kan ṣe gba ọjà lọ ra yíìsì búrẹ́dì, wọ́n ní àwọ̀ táwọn máa fún adìyẹ kí inú ẹyin lè pọ́n làwọn fẹ́ yọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa tẹ̀ ẹ́ jáde kówó má baà ṣòfò: yíìsì búrẹ́dì ò ní àwọ̀ pupa kankan nínú. Àwọn yíìsì míì tó ní in ni Rhodotorula àti Phaffia, Phaffia yìí ló ń ṣe astaxanthin, ohun tó ń jẹ́ kí ẹran ẹja salmon pọ́n.

Phaffia ò bá ilẹ̀ wa mu ṣá. Òtútù ló fẹ́, bíi 20 dígírì, owó iná tẹ́ ẹ máa fi mú un tutù á ti jẹ èrè tán kẹ́ ẹ tó rí àwọ̀ kankan. Rhodotorula ní tiẹ̀, 28 sí 30 dígírì ò ni ín lára. Oúnjẹ ẹ̀ náà ò wọ́n, ilé-iṣẹ́ ṣúgà wà ní Ṣábẹ̀ níbí, omi dúdú tó ki tó máa ń ṣẹ́kù tí wọ́n bá ti fa ṣúgà kúrò lára ìrèké, ó ń jẹ ẹ́ dáadáa. Omi ẹ̀gẹ́ táwọn onígàrí ń tẹ̀ dànù náà ṣe é lò, ṣùgbọ́n èèyàn á kọ́kọ́ sọ síítáàṣì inú ẹ̀ di ṣúgà ni, á sì tún rí sí májèlé inú ẹ̀.

Ibi tí owó ń wọlẹ̀ sí gan-an, ẹ ò sọ ọ́. Inú yíìsì làwọ̀ yẹn sá sí, èèpo ara ẹ̀ sì le, ẹnikẹ́ni tó bá rò pé ẹ̀rọ ìlọta á lọ̀ ọ́ ń tan ara ẹ̀ ni, torí yíìsì kéré débi pé bíi 200 ló máa tò tẹ̀léra kó tó pé mílímítà kan, á kàn yọ́ gba àárín ọlọ kọjá ni. Àwọn oníléeṣẹ́ ńlá ní ẹ̀rọ tó ń fi agbára tẹ̀ ẹ́ fọ́, àwọn míì ń lo ásíìdì gbígbóná (mi ò ní gba ìyàwó mi láyè kó dán ìyẹn wò láéláé). Èyí tí ò náni lówó púpọ̀ ni kéèyàn da iyọ̀ sí i, kó fi sínú ooru bíi 50 dígírì mọ́jú, yíìsì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ara ẹ̀ látinú.

Tẹ́ ẹ bá wá fọ́ ọ tán, ṣé dandan ni kẹ́ ẹ yọ àwọ̀ náà sọ́tọ̀? Èmi ò rò bẹ́ẹ̀. Kílò kan yíìsì gbígbẹ, àwọ̀ inú ẹ̀ kì í sábà tó gíráàmù kan, ṣé torí ìyẹn lẹ máa ra asẹ́tóònù àbí hexane tó jẹ́ mọ̀lẹ́bí bẹntiróòlù láti fi yọ ọ́? Adìyẹ ò bèèrè pé kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ fọ́ ọ, ẹ gbẹ ẹ́ níbi tí oòrùn ò ti kàn án torí oòrùn máa ń pa àwọ̀ yìí, ẹ pò ó mọ́ oúnjẹ wọn, ó parí.

Ẹni tó bá fẹ́ fi sóúnjẹ èèyàn nìkan ló yẹ kó yọ ọ́, ọtí ni kó sì lò. Sódàbì (ògógóró) lásán ò lè ṣe é, omi inú ẹ̀ pọ̀ jù, àfi kí wọ́n tún un sè kó le sí i, wọ́n á sì gba ọtí náà padà nínú ìkòkò lò nígbà míì, iṣẹ́ táwọn onísódàbì wa mọ̀ dunjú nìyẹn.

Olóòtú, ẹ bá wa bi àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Abomey-Calavi bóyá wọ́n lè máa ta irúgbìn Rhodotorula tó mọ́ fáwọn olósìn, torí òmíì lára èyí téèyàn lè ṣàdédé rí níta máa ń kó àìsàn bá ẹni tára ẹ̀ ò bá le. Ẹ bá wa béèrè iye tí wọ́n máa tà á náà.

Òǹkàwé yín, olósìn adìyẹ, Ṣábẹ̀