Lẹ́tà sí àbúrò mi tó ní ká má ra bàtà tuntun fún Dádì

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ bá ẹ sọ ọ̀rọ̀ yìí, ṣùgbọ́n tá a bá ti wà lórí fóònù báyìí ọ̀rọ̀ míì ló máa ń gbà á mọ́ wa lẹ́nu, ìyẹn ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ bàtà Dádì ni. Bàtà dúdú olókùn yẹn, èyí tí wọn kì í fi ṣeré rárá, tí imú ẹ̀ ti ń funfun tí eruku sì ti wọ gbogbo ojú rírán ẹ̀. Ọjọ́ ìbí wọn ń bọ̀, èmi ti ń wo bàtà tuntun kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìwọ lo wá sọ pé "ṣé wọ́n ní àwọn fẹ́ tuntun ni? Èyí tí wọ́n fẹ́ràn ṣì wà ńlẹ̀, ẹ jẹ́ ká jọ tún un ṣe." Inú bí mi díẹ̀, mi ò ní parọ́ fún ẹ, ó dà bíi pé ẹ̀bùn olówó pọ́ọ́kú lo ní ká fún wọn.

Nǹkan míì sì wà tí mi ò sọ fún ẹ. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún 9, ìwọ ṣì ń rá nígbà yẹn, wọ́n ní bàtà kan tó jẹ́ búráùn, mo fẹ́ fi ṣe wọ́n ní sọ̀ọ́pùráìsì, mo wá kó méjèèjì sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ọṣẹ, mo fọ̀ ọ́ bí ẹni ń fọ aṣọ, mo sá a sóòrùn. Kó tó dìrọ̀lẹ́ ó ti gan paali, ó ti sán káàkiri. Dádì gbé e wò, wọ́n ní "o ṣeun, ọmọ mi", wọ́n sì wọ̀ ọ́ jáde lọ́jọ́ kejì bẹ́ẹ̀. Mo ti mọ ohun tó fà á báyìí, omi tó bá wọ inú awọ dáadáa á kó epo ara ẹ̀ jáde, oòrùn á wá fa èyí tó kù gbẹ, awọ tí ò sì lépo lára mọ́, sísán ló máa sán. Ṣùgbọ́n "o ṣeun" yẹn ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà.

Ìdí nìyẹn tí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n nígbà tó o gbé àkísà lé mi lọ́wọ́. Ìwọ lo tú okùn, tó o rẹ ẹ́ sínú omi ọṣẹ lọ́tọ̀, o ní ká kọ́kọ́ fi búrọ́ọ̀ṣì gbọn eruku kúrò ní gbígbẹ torí tómi bá kan eruku ẹrẹ̀ ló máa dà, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àlòkù la fi wọ ojú rírán. Lẹ́yìn náà àkísà tá a fún dáadáa, ọṣẹ díẹ̀, ká nù ún ká má rẹ ẹ́. A ki bébà sínú ẹ̀ kó lè fa omi mu kí bàtà má sì wó, a pààrọ̀ bébà yẹn lẹ́ẹ̀mejì, a gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ di ọjọ́ kejì. Gbogbo ìgbà ni mo fẹ́ gbé e sóòrùn kó lè yá, tó o sì ń dá mi dúró.

Ibi tí mo ń lọ gan-an rèé. Ìgbà tá a yí ìsàlẹ̀ ẹ̀ sókè la rí gìgísẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lápá òde ló máa ń kọ́kọ́ jẹ lára bàtà ọ̀pọ̀ èèyàn, ìyẹn ò lè kọni lóminú, ṣùgbọ́n ti ẹsẹ̀ ọ̀tún Dádì ti jẹ tán, tòsì sì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà bó ṣe wà. Àwa méjèèjì dákẹ́. Wọ́n ti ń tiro, àwa ọmọ wọn tá a jọ ń jókòó sí pálọ̀ ò mọ̀. Ká ní tuntun ni mo rà, mi ò bá má mọ̀ títí dòní.

Lẹ́yìn tí ṣúmékà pààrọ̀ gìgísẹ̀ méjèèjì la wá kun pólíṣì, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, à ń yí ọwọ́ róbótó róbótó, a fi í lẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 10 ká tó fi búrọ́ọ̀ṣì dán an, sínglẹ́ẹ̀tì àtijọ́ la fi parí ẹ̀. Ẹnu iṣẹ́ yẹn lo ti sọ fún mi pé ọkùnrin tó ṣe pólíṣì Kiwi ní Ọsirélíà lọ́dún 1906, tìtorí ìyàwó ẹ̀ tó wá láti New Zealand ló ṣe fi orúkọ ẹyẹ ibẹ̀ sọ ọ́. Mo fẹ́ràn ìtàn yẹn gan-an.

O rántí ohun tí Dádì ṣe? Wọn ò tiẹ̀ wo dídán. Wọ́n yí bàtà náà dojú dé, wọ́n fọwọ́ pa gìgísẹ̀ ẹ̀, wọ́n ní "ẹ ti rí i." Ìgbà yẹn ni wọ́n tó sọ ọ̀rọ̀ orúnkún wọn fún wa, tí wọ́n sì gbà ká mú àwọn lọ rí dókítà.

Mo ti rí bàtà búráùn yẹn o. Ó wà nísàlẹ̀ bẹ́ẹ̀dì wọn, wọ́n tọ́jú ẹ̀ sínú páálí, pẹ̀lú gbogbo bó ṣe sán yẹn. Tó o bá wálé, jọ̀ọ́, jẹ́ ká jọ wò ó bóyá ó ṣì lè gba epo. Mo ti ra okùn tuntun sílẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ẹ