Lórí anthropos tí o bèèrè

Àdùkẹ́, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì rí i pé ẹ̀kọ́ Gíríìkì tí o ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ti mú ọ máa bèèrè bóyá àyè wà fún obìnrin nínú ọ̀rọ̀ Gíríìkì náà, anthropos.

Fọkàn balẹ̀. Ènìyàn ni anthropos. Bí ará Gíríìsì àtijọ́ bá fẹ́ dárúkọ ọkùnrin, aner ni yóò wí. Bí ó bá sì jẹ́ obìnrin, gyne ni. Kódà àwọn ará Áténì ìgbà náà a máa fi atọ́ka abo, ìyẹn ọ̀rọ̀ kékeré tí ó fi hàn pé abo ni, ṣáájú anthropos láti fi tọ́ka sí obìnrin, pàápàá ẹrúbìnrin, pẹ̀lú ohùn ìfojú-tínrín tí kò tẹ́ mi lọ́rùn rárá. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà sì ní iyì: ìtàn sọ pé Diogenes, ọlọ́gbọ́n Gíríìsì àtijọ́ kan, tan fìtílà lọ́sàn-án gangan, ó ń rìn kiri, ó ní anthropos ni òun ń wá. Ìwọ tí o ti gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà pé “Lágbájá yẹn, ènìyàn ni,” o mọ ohun tí ó ń wá.

Ó máa ń dùn mí pé, nínú Éfésù 4:22, níbi tí Pọ́ọ̀lù ti kọ anthropos, “ògbólógbòó ọkùnrin” ni Bíbélì wa àtijọ́ kà, èyí tí Àjàyí Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe, tí ó parí ní 1884. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, mi ò sì ní bú wọn; ṣùgbọ́n èdè wa ní “ènìyàn”, tí kì í bèèrè akọ tàbí abo.

Síbẹ̀, bí o bá ń túmọ̀ anthropos sí Yorùbá, má ṣe fi ìkánjú kọ “ènìyàn” síbi gbogbo. Nínú Mátíù 19:5, anthropos ni ó fi bàbá àti ìyá sílẹ̀ láti fà mọ́ aya rẹ̀. Aya tí a dárúkọ yẹn ti fi hàn pé ọkùnrin ni. Nínú Lúùkù 22:58, nígbà tí Pétérù ń sẹ́ Olúwa rẹ̀ nínú àgbàlá olórí àlùfáà, anthropos ni ó fi pe ẹni tí ó dá a mọ̀. Bí o bá kọ “Ènìyàn, èmi kọ́,” etí Yorùbá kò ní gbà á. Wo ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká kí o tó gbé kálámù.

Lọ ṣí Jòhánù 16:21, níbi tí Jésù ti ní obìnrin a máa gbàgbé ìrora rẹ̀ nítorí ayọ̀ pé a bí anthropos sí ayé. Lọ́jọ́ tí ìyá rẹ bí ọ, ẹsẹ yẹn ni mo fi bírò kọ sábẹ́ orúkọ rẹ nínú Bíbélì ilé wa. Ó ṣì wà níbẹ̀.

Èmi ni, bàbá rẹ.