Sí Bùkọ́lá, nípa òdòdó orí àpáta

Tromsø, Nọ́wè
Oṣù Kẹta

Bùkọ́lá ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ẹ kú òtútù Glasgow o.

O bi mí ìdí tí òdòdó elésè àlùkò inú fọ́tò ọjọ́sí, tí kò ju èékánná lọ, fi ń jẹ́ orúkọ mẹ́ta. Méjì àkọ́kọ́, Saxifraga oppositifolia, kò ní wàhálà. Linnaeus, ẹni tó dá ètò fífi orúkọ méjì pe ewéko sílẹ̀, ti fún un láti 1753. Ẹ̀kẹta ló ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀. Eric Hultén, onímọ̀ ewéko ará Sweden, wo àwọn ti Alaska, ó wo irun tó wà létí àwọn ewé wínníwínní tó gbá òdòdó náà mọ́ra nísàlẹ̀. Irun àwọn kan ní orí róbótó tó ń sun oje. Ti àwọn yòókù kò ní. Ló bá ya àwọn onírun olórí sọ́tọ̀, ó pè wọ́n ní glandulisepala. Àwọn ìwé kan gbà fún un, àwọn mìíràn da gbogbo wọn pọ̀.

Kò tíì wọ̀ mí létí. Ní Svalbard, àwọn erékùṣù Nọ́wè tó wà ní àríwá pátápátá, oríṣi méjì ló wà tí ojú lásán ń rí. Ọ̀kan ń fà lórí ilẹ̀, ẹ̀ka rẹ̀ tó bá já lè ta gbòǹgbò níbòmíràn. Èkejì ká jọ bíi tìmùtìmù. Ọmọdé pàápàá á yà wọ́n sọ́tọ̀! Ṣùgbọ́n wọ́n ní àwọn tó wà láàárín méjèèjì pọ̀ jù, èèyàn ò lè fa ààlà. Ó dáa, ṣé ààlà irun wá rọrùn ju ìyẹn lọ ni?

Ibi tó ń hù ló yà mí lẹ́nu jù. Ó wà ní erékùṣù Kaffeklubben ní àríwá Greenland, níbi tí ilẹ̀ ayé ti ń parí lọ. Ó wà lórí òkè Dom ní Switzerland, ní nǹkan bíi mítà 4,500. Òun ni òdòdó àmì ìpínlẹ̀ Nunavut ní Kánádà.

Ó wà nítòsí rẹ náà, lórí òkè Ben Lawers ní Scotland, torí àpáta ibẹ̀ ní ẹfun nínú. Tiwa ṣì wà lábẹ́ yìnyín, tiyín á máa tanná ní oṣù tó ń bọ̀. Tó o bá ráyè lọ, mú awò tó ń sọ nǹkan di ńlá dání. Wo ṣóńṣó ewé rẹ̀: ihò kan wà níbẹ̀ tí omi ẹfun ń gbà jáde, tó bá gbẹ, á fi àmì funfun sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, wo irun yẹn dáadáa, kó o sọ fún mi bóyá ó lórí. Má fà á tu o, fọ́tò ni kó o yà. Bàtà gidi ni kó o wọ̀, ibẹ̀ ń yọ̀.

Bá mi kí ọkọ rẹ.

Èmi ni,
Fẹ́mi