Ẹ máa sọ bí fáírọ́ọ̀sì ṣe ń wọlé fún wa

Ọ̀gá Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé gbogbo ìgbà tí ìwé ìròyìn bá kọ nípa fáírọ́ọ̀sì, wọ́n á kàn ní ó "wọ ara", ó parí, wọn ò ní sọ bó ṣe wọlé. HIV yìí, jíìnì (ìtọ́ni tí sẹ́ẹ̀lì fi ń ṣe púrótéènì) 9 péré ló ní, ti àwa èèyàn sún mọ́ 20,000, kí ló fẹ́ dá ṣe tí kò bá lo púrótéènì tiwa? Púrótéènì gp120 tó wà lára rẹ̀ á kọ́kọ́ lẹ̀ mọ́ CD4, púrótéènì tiwa kan lára sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun, ìyẹn nìkan ò sì tó o, ó ṣì máa di púrótéènì tiwa mìíràn, CCR5 tàbí CXCR4, mú kó tó ráyè wọlé. Oògùn HIV tó ń jẹ́ maraviroc, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 2007, CCR5 tiwa yẹn ló lọ dí, kò tiẹ̀ fọwọ́ kan fáírọ́ọ̀sì fúnra ẹ̀, ọgbọ́n yẹn wù mí gan-an.

Ti HPV, fáírọ́ọ̀sì tó lè fa jẹjẹrẹ ẹnu ilé ọmọ, ló wá burú jù lójú tèmi. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani: púrótéènì rẹ̀ tó ń jẹ́ E6 á fa púrótéènì wa kan tó ń jẹ́ E6AP mọ́ra, wọ́n á jọ dojú kọ p53 tó ń ṣọ́ sẹ́ẹ̀lì kó má di jẹjẹrẹ, wọ́n á sàmì sí i lára, sẹ́ẹ̀lì fúnra ẹ̀ á sì gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ bíi púrótéènì tó ti bàjẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ní kí àwọn akọ̀ròyìn yín máa fi irú èyí sí i, kódà kó jẹ́ ìpínrọ̀ kan.