Tòmátì Cherokee Purple àti àwọn tó tọ́jú irúgbìn rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kọ̀wé yìí láti fi kún ohun tí ẹ tẹ̀ jáde lórí irúgbìn ìbílẹ̀, nítorí ìtàn tòmátì kan tí mò ń gbìn sẹ́yìn ilé mi ní Maryland, Amẹ́ríkà, bá a mu. Cherokee Purple ni orúkọ rẹ̀. Lọ́dún 1990, ọkùnrin kan láti ìpínlẹ̀ Tennessee fi irúgbìn rẹ̀ ránṣẹ́ sí Craig LeHoullier, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó máa ń kó irúgbìn tòmátì ìbílẹ̀ jọ, ó sì ṣàlàyé pé àwọn ènìyàn Cherokee, ẹ̀yà ìbílẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ló fún àwọn ará àdúgbò náà ní irúgbìn ọ̀hún ní nǹkan bí 100 ọdún ṣáájú. LeHoullier gbìn ín, ó sọ ọ́ lórúkọ, ó sì pín irúgbìn náà káàkiri.

Àwọ̀ èso yìí pọ́n dúdú bí elésè àlùkò, adùn rẹ̀ sì jinlẹ̀, ṣùgbọ́n awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó tètè máa ń là, kò sì ṣeé kó rin ọ̀nà jíjìn, èyí tí kò jẹ́ kí àwọn oníṣòwò ńlá fẹ́ràn rẹ̀. (Ní tèmi, àbùkù wọn nìyẹn.) Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú irúgbìn rẹ̀ yóò fún un sínú ife, yóò jẹ́ kí ó kan fún ọjọ́ mélòó kan títí ohun yíyọ̀ ara rẹ̀ yóò fi kúrò, yóò fọ̀ ọ́, yóò sì sá a síbi tí oòrùn kò ti pa á. Nítorí pé kì í ṣe àdàlù tuntun tí a fi oríṣi tòmátì méjì ṣe, ọmọ rẹ̀ yóò jọ ìyá, bí òdòdó rẹ̀ kò bá gba àtọ̀ láti ara òdòdó tòmátì oríṣi mìíràn.

Mo rọ àwọn àgbẹ̀ tó ṣì ní tòmátì ìbílẹ̀ lọ́wọ́ nílé pé kí wọ́n mú díẹ̀ lọ sí ilé iṣẹ́ ìtọ́jú irúgbìn ti ìjọba àpapọ̀, NACGRAB, ní Moor Plantation, Ìbàdàn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín ní Maryland, Amẹ́ríkà