Òtútù kò ní kí àgbàlagbà má rí ẹni bá sọ̀rọ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, ọmọ wa obìnrin kan kọ̀wé sí yín láti Toronto nípa bàbá rẹ̀ tó mú wá láti Ìjẹ̀bú-Òde kó wá bá wọn gbé. Ó ní láti ìgbà tí òtútù ti wọlé, bàbá kì í jáde mọ́. Ìdí fèrèsé ni wọ́n ń jókòó sí láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀rọ̀ sì ti gbẹ lẹ́nu wọn. Ó ní kí àwa òǹkàwé gba òun nímọ̀ràn. Àwọn kan ti ní kó ra tẹlifísàn ńlá, àwọn kan ní kó máa gbé wọn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnì kan tilẹ̀ ní kó dá wọn padà sílé. Ọmọ mi, ra rédíò fún bàbá rẹ. Kì í ṣe èyí tí à ń gbọ́ ìròyìn lórí rẹ̀. Èyí tí à ń gba ẹnu rẹ̀ sọ̀rọ̀ ni mò ń wí, èyí tí òyìnbó ń pè ní ham radio.

Ọmọ ọdún 72 ni mí. Ní 1974 ni mo wọ iṣẹ́ P&T (iléeṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó lẹ́tà àti tẹlifóònù) ní Dùgbẹ̀, n'Íbàdàn, ibẹ̀ ni mo ti kọ́ Mọ́ọ̀sì, ìyẹn fífi ìró kúkúrú àti ìró gígùn ránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n sọ apá tẹlifóònù di NITEL ní 1985, mo bá wọn lọ. Ọmọ mi ọkùnrin ló mú èmi àti ìyá rẹ̀ wá sí Buffalo, ní ìpínlẹ̀ New York. Ní Disẹ́ńbà ọdún àkọ́kọ́ yẹn, ó dà bíi pé wọ́n tì mí mọ́lé. Oòrùn kì í yọ títí aago méje ààbọ̀ fi ń kọjá, á sì ti wọ̀ kí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ọmọ á gba ibi iṣẹ́ lọ, ìyàwó rẹ̀ á lọ, àwọn ọmọ wọn á lọ sílé ìwé, ilé á pa rọ́rọ́.

Òyìnbó arúgbó kan wà ládùúgbò wa tó ta wáyà láti igi kan sí èkejì lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Àwọn ọmọ mi pè é ní okùn ìsáṣọ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo wò ó tí mo ti mọ̀ ọ́n: éríà ni, wáyà tí rédíò fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀, tó sì fi ń rán an jáde. Mo wọ bàtà yìnyín, mo lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀.

Láti ìgbà yẹn, aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí ni mo máa ń jókòó ti rédíò, lórí ìgbì tí a ń pè ní mítà 80. Ohun tí à ń sọ kò ju ojú ọjọ́ àti wáyà lọ. Bàbá kan tó ń sin màlúù ní gúúsù wa á ní, 4 ni lọ́dọ̀ òun ní òṣùwọ̀n Fárẹ́náìtì, atẹ́gùn ń fẹ́ láti orí Adágún Erie, ṣùgbọ́n éríà òun ṣì wà lókè. Ẹlòmíì láti Pennsylvania á ní òjò tó ń dì ti bo ti òun, ó ti nípọn bí ìka ọwọ́, SWR, òǹkà tó ń fi hàn bóyá éríà bá rédíò mu, ti kúrò ní 1.3 tó dára, ó ti wọ 3 tí kò dára, òun á dín agbára kù títí oòrùn á fi yọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀ la ó máa gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ara wa títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Ìyá àwọn ọmọ gbọ́ wa lọ́jọ́ kan, wọ́n ní, “Ṣé nítorí èyí lẹ ṣe ń jí lóru?” Mo ní kí wọ́n rántí ilé. Ẹ kú ọyẹ́. Ẹ kú ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ kú ooru. Ẹ kú ọ̀rinrin. Ẹni tó bá kí mi kú ọyẹ́ kò sọ ohun tí n kò mọ̀ fún mi, ṣùgbọ́n ó ti rí mi, ó sì ti mọ̀ pé mo jí. Ohun tí àwọn èèyàn yìí ń ṣe láràárọ̀ nìyẹn.

Ìmọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Yìnyín funfun tó ń bọ́ bí òwú kì í ṣe wáyà ní nǹkan púpọ̀. Òjò tó ń dì mọ́ ohun tó bá kàn gan-an ni ọ̀tá. Ní Fẹ́búárì ọdún tó kọjá, mo jí, mo wo ìta, mo rí wáyà mi, 120 ẹsẹ̀ bàtà, tó tẹ̀ kọrọdọ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, ó ń dán bíi gíláàsì. Mo ti fà á le bí awọ gángan láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, n kò fi àyè sílẹ̀ fún un. Bí mo ṣe ń wò ó ló já láàárín. Ọmọ mi ti búra pé n kò gbọdọ̀ gun àkàsọ̀ lórí yìnyín, nítorí náà kànnàkànnà ni mo lò. Mo so òwú ìpẹja mọ́ òjé kékeré, mo ta á kọjá ẹ̀ka igi, ọmọ-ọmọ mi sáré lọ mú un lódì kejì. Òwú fa okùn, okùn fa wáyà tí mo ti fi lẹ́ẹ̀dì jó padà. Bàbá onímàlúù ló sọ fún mi lórí afẹ́fẹ́ pé kí n gba okùn náà kọjá lára púlì, kí n so garawa tí mo rọ iyanrìn sí mọ́ ìdí rẹ̀. Ní báyìí, bí wáyà bá wúwo, garawa á gòkè, wáyà á sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Kò tíì já mọ́.

Nígbà mìíràn, tí atẹ́gùn bá ń gbá yìnyín gbígbẹ kiri, wáyà á kó iná sára. Mo tú kébù kúrò lẹ́yìn rédíò lóru ọjọ́ kan, mo gbọ́ tí ẹnu rẹ̀ ń ta páú, páú, iná búlúù tíńtín ń fò níbẹ̀. Ẹ̀wù náílọ́ọ̀nù tí a máa ń bọ́ nínú òkùnkùn nígbà ọyẹ́ n'Íbàdàn ló sọ sí mi lọ́kàn. Eruku ọyẹ́ pàápàá máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí éríà.

Ṣùgbọ́n ìgbà òtútù ló dára jù fún ìgbì yìí. Lójú ọ̀sán, oòrùn máa ń dá ìpele kan sókè ọ̀run tó ń fa ohùn wa mu. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ìpele náà á tú ká, ohùn á sì rìn jìnnà. Òru ìgbà òtútù gùn, àrá tó sì máa ń ha nínú rédíò kò pọ̀. Àkókò tí ilé ń dá àgbàlagbà wà jù lọ ni ọ̀nà ń là jù lọ.

Ẹ ó ti gbọ́ nípa ìjì yìnyín Buffalo tó bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 23 oṣù Disẹ́ńbà 2022. Yìnyín tó bọ́ lé ní 50 ínṣì, ọkọ̀ panápaná pàápàá há, èèyàn tó kú lé ní ogójì. Iná lọ lọ́dọ̀ wa. Mo gbé bátìrì ọkọ̀ tó wà ní ìpamọ́ sídìí rédíò. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, a pe ara wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá aládùúgbò tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀ lọ́jọ́sí kò dáhùn. A pè é lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹnì kan ní Ohio tí fóònù tirẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ló pe ọmọbìnrin bàbá náà, ó padà wá sọ fún wa pé éríà ló wó, ara bàbá le, wọ́n wà nídìí ààrò. Mo sunkún, n kò tijú láti sọ ọ́.

Ọmọ mi, ìdánwò ni à ń ṣe kí a tó gba ìwé àṣẹ láti sọ̀rọ̀ lórí rédíò yìí. Ní Kánádà, ìbéèrè 100 ni ìdánwò náà. Ẹni tó bá gba 70 ti yege, ṣùgbọ́n kí bàbá lépa 80, nítorí 70 nìkan kò ṣí mítà 80 fún un. Níbí, ìdánwò méjì ni mo ṣe kí n tó lè fi ohùn sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ìbéèrè 35 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, 26 ni à ń gbà kí a tó yege. Láti 2007 ni Amẹ́ríkà kò ti béèrè Mọ́ọ̀sì mọ́, wọn kì í sì í béèrè bóyá o jẹ́ ọmọ onílẹ̀. A lè sọ Yorùbá lórí afẹ́fẹ́. Orúkọ ìpè tí ìjọba fún oníkálukú wa nìkan ni òfin ibí ní kí á fi Gẹ̀ẹ́sì pè.

Adágún Ontario ló wà láàárín Toronto àti Buffalo. Bí bàbá rẹ bá ti gba ìwé àṣẹ, ohùn wọn á wọlé sọ́dọ̀ mi bí ẹni tó wà ní yàrá kejì. Sọ fún wọn pé aago mẹ́fà ààbọ̀ ìdájí ni. Kí wọ́n kọ́kọ́ sọ fún mi bí òtútù ṣe mú tó lọ́dọ̀ wọn.

Èmi ni,
Bàbá P&T,
Buffalo, New York.